Ọwọ́-Òjò àti Búráúsà Tí Ò Lókìkí

Ní ilé ìwòsàn ojú kékeré kan, obìnrin kan wà tó ń tẹ ìwé àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́-Òjò ni tàgbà tèwe ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi orúkọ yẹn bèèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ẹ ti ṣi ilé yà. Bó bá ti gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù báyìí, ńṣe ló máa ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, kò sì ní dá títí ìwé náà á fi parí. Àwọn aláìsàn tí ojú wọn ti ń di, tí wọn ò rí ẹni tó jókòó nídìí tábìlì, ìró ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé iyàrá tó yẹ làwọn wọ̀.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó kúrú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tábìlì rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, kọ́bọ́ọ̀dù irin tó kún fún fáìlì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé lẹ́tà tí wọ́n fi ń dán ojú wò mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó fi lẹ́tà ràgàjì kan bẹ̀rẹ̀ lókè, tó wá ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fojú kékeré wo obìnrin yìí, ẹ̀yin lẹ máa kábàámọ̀. A ti rí ọ̀gá tó fojú kékeré wò ó rí, tó padà wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá fáìlì.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí taipuráítà ṣì ń jọba ní ọ́fíìsì, ó forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún aago ṣe. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, Tísà ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Tísà náà ni wọ́n ń pè é di òní. Tísà a máa da aṣọ dúdú bo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kó má baà wo bọ́tìnnì. Á ní, "Ojú fún ìwé, ọwọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀, kò ní rí méjèèjì lò."

Ìlànà rẹ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa ìwé yọ lẹ́nu ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ kà á, láti ìsàlẹ̀ wá sókè sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á, ìlà tó gbẹ̀yìn ló máa ṣáájú. Àlàyé tó ṣe fún wọn ni pé bí èèyàn bá ka ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ láti òkè, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn rò pé orí Tísà ò pé. Ọwọ́-Òjò gbà á gbọ́, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún ṣe é láìyẹsẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ni Tísà rí sí i. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì A ni iṣẹ́ ìka náà, ṣùgbọ́n ìka tó tẹ̀ lé e ni Ọwọ́-Òjò máa ń yá lò. Tísà á fi ìdí pẹ́ńsù kan ìka náà, á ní, "Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí ọ̀kan máa ṣọ̀lẹ nínú wọn?" Títí tó fi gba ìwé ẹ̀rí, ìka náà ò gbọ́ràn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò bà á lẹ́rù. Máòsì ló fojú rẹ̀ rí màbo. Ẹni tó ti fi ìka mẹ́wàá jẹun láti kékeré, ẹ wá ní kó máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti nǹkan kiri orí tábìlì bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú, ó ń fi báńdéèjì wé e wá síbi iṣẹ́. Nílé, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣí ìkòkò.

Búráúsà tí gbogbo ilé ìwòsàn náà ń lò, ìyẹn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni gbogbo ayé ń lò. Ọkùnrin tó ń gba àwọn aláìsàn sílé ló fi sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni bí ogójì ọdún ni, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ kò sí ohun tí ẹ máa bá a sọ tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Ó ń yin búráúsà náà bí ẹni pé òun ló bí i. Ó ní ó yára, ó ní ó lẹ́wà, ó ní kì í gbàgbé nǹkan. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, òótọ́ ni. Búráúsà náà ń rántí nǹkan bí ìyá ọkọ. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà méjì péré, á ti gbé ìyókù wá fún yín, orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ẹ ṣáà ti tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́-Òjò kọ́kọ́ dúpẹ́ fún un, nítorí pé ó dín iṣẹ́ kù fún ọwọ́ tó ń dùn ún. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Lọ́jọ́ kan, Tísà fúnra rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn náà, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òkúta tí ọmọ iléèwé kan jù ló ti fọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ láti kékeré, ojú òsì nìkan ló fi rí gbogbo ohun tó rí láyé. Ní báyìí, awọ funfun ti ta bo ẹyinjú òsì náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló ń tẹ̀wé níbí yìí." Ọwọ́-Òjò dìde, ó kúnlẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ló lè gba ojú náà là, ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló sì ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣí àyè sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àyè méjìlá péré ni fún gbogbo àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, kí tíì tó tutù nínú kọ́ọ̀pù, wọ́n ti tán. Nígbà tí ọjọ́ Ajé náà pé, Ọwọ́-Òjò rí àyè gbà fún Tísà. Gbogbo wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tísà àti ìyàwó rẹ̀ múra dé ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn, wọ́n ní àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwọn pe nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù nígbà mẹ́ta kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó ń bọ̀, obìnrin kan ló ń gbé e, tó ń sọ pé wọ́n ti ṣe ojú òun tipẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.

Obìnrin yẹn ni aláìsàn tí Ọwọ́-Òjò kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lóṣù mẹ́ta ṣáájú ti Tísà. Nígbà tó dé ibi nọ́ńbà fóònù, búráúsà ló gbé nọ́ńbà obìnrin náà wá, ó rí i tó ti jókòó síbẹ̀, ó gbà pé èyí tó tọ́ ni, ó fi ránṣẹ́.

Dókítà, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn kékeré náà, tún yẹ ojú Tísà wò. Ó yọ ìbọ̀wọ́, ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní ojú náà lè dúró fún oṣù mẹ́ta sí i. Bó bá ju ìyẹn lọ, ìfúnpá inú ẹyinjú náà á ti ga jù, kò sí abẹ tó máa lè dá ìmọ́lẹ̀ padà síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lóṣù mẹ́ta yẹn ni ẹ̀ẹ̀kan tó kù fún Tísà. Kò tún sí òmíràn.

Ọwọ́-Òjò lè dákẹ́. Wọ́n ti ń sọ nílé ìwòsàn pé ilé ìwòsàn ńlá ló ṣàṣìṣe, kò sì sẹ́ni tó fura sí i. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti wà nílé Tísà. Ìyàwó Tísà gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo ṣe é. Nọ́ńbà ẹlòmíràn ni mo fi sí fọ́ọ̀mù yín."

Tísà ń fọwọ́ pa orí ọ̀pá rẹ̀. "Ṣé o kà á láti ìsàlẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, sà. Mo rò pé ẹ̀rọ kì í ṣì."

"Ẹ̀rọ ò ṣì. Nọ́ńbà tó rántí náà ló gbé wá. Ìwọ lo ò kà á." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan àga tó wà nílẹ̀. "Wá jókòó. Ìyá, ẹ fún un lómi."

Àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Bí Tísà bá bú u lọ́jọ́ náà, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Omi tútù tí wọ́n fún un mu yẹn, ńṣe ló ń gbé e mì bí ẹni tó ń gbé òkúta mì.

Bó ṣe délé, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Ọmọ náà ń gbé lọ́nà jíjìn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun.

"Ọmọ mi, ṣé búráúsà kan wà tí kì í rántí nǹkan?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màámi, gbogbo ayé ń wá èyí tó ń rántí, ẹ̀yin ń wá èyí tó ń gbàgbé."

"Mi ò ṣeré. Mi ò sì tún fẹ́ èyí tó ń lo máòsì. Ọwọ́ mi ti fẹ́ já."

Ọmọ náà wá sinmi ẹ̀rín. Ó ní, "Ó wà o. Àwọn kan ṣe ọ̀kan, kékeré ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń lò. Kò ní rántí ohunkóhun àfi tí ẹ bá ní kó rántí. Ṣùgbọ́n kò rẹwà o, Màámi. Àwọn ojú ìwé kan ò sì ní ṣí dáadáa lórí ẹ̀. Ibi iṣẹ́ yín, ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa lò ó."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bá mi gbé e sórí ẹ̀rọ."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò dára. Búráúsà náà ṣófo bí iyàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì lókè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nísàlẹ̀ tí èèyàn ń kọ ibi tó ń lọ sí. Ọwọ́-Òjò tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, gbogbo ohun tó ṣí sì pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe gba wákàtí kan. Mo-ti-mọ̀ ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi orí.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń ni ara yín lára báyìí? Gbogbo èèyàn ló ń lo èyí tó dáa, ẹ̀yin lọ gbé èyí tí ẹ̀dá kankan ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí."

"Ìwọ náà ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni Mo-ti-mọ̀ wí, ó sì yára bọ́ síta.

Àmọ́ ohun kan wà nínú búráúsà náà tó wọ Ọwọ́-Òjò lára láti ọjọ́ kìíní. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, lẹ́tà kéékèèké á hù sára gbogbo ohun tó ṣeé ṣí lójú ìwé, ohun tí èèyàn bá fẹ́, á tẹ lẹ́tà ara rẹ̀, á sì ṣí. Kò sí pé à ń lé ọfà máòsì kiri ojú kọ̀ǹpútà. Ojú fún ìwé, ọwọ́ fún ẹ̀rọ. Nígbà tó kọ́kọ́ yé e, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé àwọn tó ṣe nǹkan yìí, níbikíbi tí wọ́n bá wà láyé, ó dà bí ẹni pé Tísà ti da aṣọ dúdú bo ọwọ́ tiwọn náà rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ti ń rọ̀ padà, ó tiẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Búráúsà yẹn náà ló fi ń béèrè oògùn ojú lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, òun ló fi ń ka ìròyìn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, òun ló fi ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àìsàn tiẹ̀. Ojú ìwé tó ń fi àkókò bọ́ọ̀sì hàn kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀, àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń rìn kò sì rìn, ńṣe lọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè tó dúró síbẹ̀. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, á lọ sídìí tábìlì Mo-ti-mọ̀ láìtijú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n búráúsà, bá mi ṣí èyí." Lóṣù kejì, ó tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa ni ojú ìwé ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tó kọ́kọ́ fi búráúsà tuntun ṣí i, àkọlé pupa kan bò ó mọ́lẹ̀: "A kò mọ búráúsà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo èyí tó gbajúmọ̀." Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà ní igun òkè lápá òsì kíbọ́ọ̀dù, àkọlé náà sì ká kúrò, ó rí ojú ìwé náà bó ṣe yẹ kó rí. Ìkìlọ̀ lásán ni, wọn ò ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù gan-an ò ní ṣí àfi lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò sì sí bó ṣe lè dán an wò ṣáájú.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Dókítà pè wọ́n jọ. Aláìsàn mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ wá àyè fún. Òfin ilé ìwòsàn ńlá ni pé bí orúkọ kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ méjèèjì dànù, nítorí náà ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Mo-ti-mọ̀ á ṣe méjì. Ti Tísà ni ìbéèrè wà lórí rẹ̀.

Dókítà ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ojú kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Tí búráúsà yín bá kọ̀ láti ṣí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn, kí la máa wí?"

Ohun tí Dókítà sọ, ó bọ́gbọ́n mu.

Ó ṣẹlẹ̀ pé Tísà wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, ó wá yẹ ojú wò. Láti orí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí, ó dá sí i. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ta ni?"

"Ojú yín ni, sà."

"Ẹ fún un."

Mo-ti-mọ̀ ní, "Bàbá, wọ́n ní ó ń ṣe ségesège o, búráúsà yẹn."

"Mi ò mọ búráúsà," ni Tísà wí. "Ọwọ́ yẹn ni mo mọ̀."

Ọjọ́ Ajé pé. Nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Dókítà kò tíì wọ iyàrá ìyẹ̀wò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́yà. Tísà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà Tísà wà lórí orúnkún rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ti gbé káàdì àwọn aláìsàn rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọwọ́-Òjò gbé káàdì Tísà síbi tó ti lè kà á dáadáa, ìyàwó Tísà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù sí i.

Aago mẹ́jọ lù. Ojú ìwé ṣí. "Àyè tó kù: 12." Àkọlé pupa náà yọ, Mo-ti-mọ̀ wo ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Mo ti mọ̀." Ọwọ́-Òjò tẹ bọ́tìnnì igun, àkọlé ká kúrò. Ó tẹ òmíràn, lẹ́tà kéékèèké hù, ó mú tirẹ̀, fọ́ọ̀mù sì ṣí, funfun báláú, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Orúkọ, ọdún ìbí, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń kà lórí káàdì tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń kọ. Tísà gbé orí sókè lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi.

"Ọ̀kan ti wọlé," ni Mo-ti-mọ̀ wí. Àyè ku mẹ́jọ. Ẹ má fi búráúsà tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó yára lóòótọ́. "Èkejì ti wọlé." Àyè ku márùn-ún.

Fọ́ọ̀mù Ọwọ́-Òjò náà kún. Kò ku nǹkan kan mọ́ ju kó tẹ Ẹ́ńtà. Ló bá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gbé wọn lé itan. Òjò dá.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Dókítà wí.

Àyè ku mẹ́rin.

"Àǹtí, ó ń tán lọ o!"

Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Tísà nìkan ló mọ ìdí tí òjò fi dá. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí, ojú òun gan-an ló wà lórí ìlà, síbẹ̀ kò ní kó yára.

Ọwọ́-Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ni èyí tó ń bèèrè ojú tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "Ọ̀tún." Òun kọ́ ló kọ ọ́. Ojú ìwé ilé ìwòsàn ńlá náà ló ti gbé e wá bẹ́ẹ̀ láti ilé, tó ń dúró de ẹni tí kò ní wò ó. Ọ̀tún, ojú tí òkúta ti fọ́ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní fọ́ọ̀mù ò bá aláìsàn mu, wọ́n á tún dá Tísà padà sílé. Ó sọ ọ́ di "Òsì." Síbẹ̀ kò tíì fi ránṣẹ́. Ó gòkè lọ sí nọ́ńbà fóònù, ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó gun àdírẹ́sì, ó gun ọdún ìbí, ó dé orúkọ. Àyè ku méjì.

Ó tẹ Ẹ́ńtà. Ojú kọ̀ǹpútà funfun fún ìgbà tó pẹ́ ju ohun tí ọkàn èèyàn lè gbà lọ. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́: "A ti gbà á. Àyè tó kù: 1."

Ìyàwó Tísà ló kọ́kọ́ sunkún. Dókítà mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́-Òjò yí sí Mo-ti-mọ̀, ó ní, "Wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú tìrẹ méjèèjì."

Mo-ti-mọ̀ ṣí wọn. Ọ̀kan bá ojú tó yẹ mu, èkejì ò bá a mu. Ó ń wò ó, ó ń fọwọ́ họ orí, ó wá sọ gbólóhùn tí kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé ìwòsàn náà. Ó ní, "Mi ò mọ̀." Títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi wà lórí fóònù pẹ̀lú ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n tó bá a tún un ṣe. Búráúsà tó gbajúmọ̀ náà ló ṣì ń lò di òní, kò sì yẹ ká fi ìyẹn bú u. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ló ti ń ka fọ́ọ̀mù báyìí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, Tísà padà wá, ó wọ awò dúdú. Ilé ìwòsàn ńlá ti ṣiṣẹ́ wọn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Dókítà mú un lọ síwájú ìwé lẹ́tà tó wà lára ògiri, Tísà yọ awò, ó ka ìlà mẹ́rin, ó wọ ìkarùn-ún kó tó dúró. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, láìsí ẹni tó dì í mú, lọ sẹ́yìn àga tí Ọwọ́-Òjò jókòó sí.

Ọwọ́-Òjò ò mọ̀ pé ó ti dé ẹ̀yìn òun. Ìwé aláìsàn kan wà níwájú rẹ̀, òjò ń rọ̀. Tísà tẹ orí síwájú, ó ń wo ọwọ́ náà. Láti ogójì ọdún tó ti kọ́ ọ, abẹ́ aṣọ dúdú ló ti mọ ọwọ́ yẹn sí. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó mú pẹ́ńsù kan lórí tábìlì, ó fi ìdí rẹ̀ kan ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìka yìí ṣì ń ṣọ̀lẹ."

Òjò dá. Ọwọ́-Òjò ò lè yíjú padà, nítorí pé omijé ti bò ó lójú. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì gbé ìka náà lé orí A.